Ìbàdí Ló Ń Gbé Ẹrù: Bí A Ṣe Ń Yan Báàgì Àgbékọ́yìn fún Ìrìn Àjò àti Gígun Òkè

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò bí wọ́n bá fẹ́ ra báàgì àgbékọ́yìn ni àwọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka iye àpò kéékèèké tí ó wà lára rẹ̀, kí wọ́n tó wá dúnàá-dúrà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò fi gbé ìwé méjì mẹ́ta lọ sí kíláàsì lè yàn án bẹ́ẹ̀ kí ó má kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ gbé e gun Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àtẹ̀gùn tí ènìyàn yóò gùn dé ìlú àtijọ́ tí ó wà lókè ti lé ní 600, tàbí ẹni tí ó fẹ́ tẹ̀ lé omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láti ìpele kìíní dé ìkeje, yóò rí i pé báàgì tí ó fúyẹ́ nísàlẹ̀ òkè lè di ẹrù ìyà kí wọ́n tó dé agbedeméjì. Èjìká á máa ro ó, ọrùn á gan, ìka ọwọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa rò pé ara òun ni kò le tó, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé báàgì náà ni kò bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu.

Ọ̀nà tí báàgì gidi ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá. Bí ìyá bá fẹ́ pọn ọmọ, yóò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, yóò gbé ọmọ sí ẹ̀yìn, yóò sì fi aṣọ yí i ká, kí ó tó wá mú ọ̀já, kí ó so ó gírígírí ní ìsàlẹ̀ ìdí ọmọ. Aṣọ tí ó wà lókè, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ọmọ má baà ṣubú sẹ́yìn. Ọ̀já ni ó ń gba ìdí ọmọ dúró, tí ó sì ń gbé ìwọ̀n rẹ̀ lé ìbàdí ìyá. Ìdí nìyí tí obìnrin fi lè pọn ọmọ tí ó ti ń rìn, kí ó tún máa ro ọkà tàbí kí ó rìn dé ọjà kí ó sì padà. Bí ọ̀já bá tú, aṣọ òkè nìkan kò lè gbé ọmọ náà pẹ́. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹni tí ó pọ̀n ọ́n ni ó mọ̀, ó sì mọ bí òun ṣe so ọ̀já.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti báàgì ìrìn àjò. Bẹ́líìtì fífẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí a máa ń dè mọ́ ìbàdí, ni ọ̀já. Okùn méjèèjì tí ó gba orí èjìká dà bí aṣọ òkè: wọ́n ń fa báàgì mọ́ ara ni, kì í ṣe pé kí wọ́n dá ẹrù gbé. Egungun ìbàdí lágbára, orí itan ni ó sì gbé ìwọ̀n rẹ̀ lé, níbi tí àwọn iṣan tí ó tóbi jù lọ nínú ara wà. Èjìká kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn iṣan ìmọ̀lára àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí apá gba abẹ́ egungun tí ó wà láàárín ọrùn àti èjìká kọjá. Bí okùn báàgì bá tẹ ibẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tá, á sì kú. Báàgì tí a bá fẹ́ gbé ju wákàtí kan tàbí méjì lọ, tí ẹrù inú rẹ̀ sì lé ní kílò mẹ́fà tàbí méje, tí kò ní bẹ́líìtì ìbàdí tí ó nípọn, kì í ṣe báàgì òkè, ohun yòówù tí ẹni tí ó ń tà á lè wí.

Nítorí náà, kí a tó bèèrè bí báàgì ṣe tóbi tó, ó yẹ kí a mọ bí ẹ̀yìn ẹni tí yóò gbé e ṣe gùn tó. Gígùn ẹ̀yìn àti gígùn ara kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni gíga lè ní ẹsẹ̀ gígùn àti ẹ̀yìn kúkúrú, ẹni kúkúrú sì lè ní ẹ̀yìn tí ó gùn ju ti ẹni tí ó ga jù ú lọ. Téèpù tí àwọn aránṣọ fi ń wọn ara ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí a fẹ́ wọ̀n yóò dorí kodò díẹ̀, kí egungun tí ó yọ jù lọ ní ìsàlẹ̀ ọrùn lè hàn. Yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí bí ẹni tí ń ṣe ìyàngàn, kí àtàǹpàkò rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn. Ibi tí orí egungun ìbàdí wà ni ọwọ́ rẹ̀ yóò bà lé, ìlà tí ó so àtàǹpàkò méjèèjì pọ̀ sì ni òpin ìwọ̀n. Láti egungun ọrùn dé ìlà yẹn ni gígùn ẹ̀yìn. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 38 sí 53. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe báàgì kan náà ní ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, tàbí kí wọ́n ṣe é kí a lè gbé okùn èjìká rẹ̀ sókè sódò. Báàgì tí ó gùn ju ẹ̀yìn ẹni lọ yóò máa gbá a ní ìdí, bẹ́líìtì rẹ̀ yóò sì bọ́ sí orí itan. Èyí tí ó kúrú jù yóò gbé bẹ́líìtì lé ikùn, ibi tí kò sí egungun kankan tí yóò gbà á dúró.

Ó ní bí ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Norway kan, Ole Bergan, ni ó ṣe báàgì tí férémù rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ kí ó lè bá ẹ̀yìn mu, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1908, títí di òní sì ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń pe báàgì ẹ̀yìn wọn ní bergen. Ní 1952, Dick Kelty àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báàgì nínú ilé wọn ní California. Irin alumíníọ̀mù fífúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe férémù rẹ̀, wọ́n sì fi bẹ́líìtì sí i kí ìbàdí lè gba nínú ìwọ̀n ẹrù náà. Lónìí, inú báàgì ni férémù máa ń wà: ike pẹlẹbẹ tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí méjì tí ó dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sí ẹ̀yìn. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé ìwọ̀n ẹrù sọ̀kalẹ̀ dé orí bẹ́líìtì. Báàgì tí ó ní bẹ́líìtì ńlá ṣùgbọ́n tí kò ní férémù á wó lulẹ̀ lórí ara rẹ̀ bí àpò gàárì tí kò kún, bẹ́líìtì náà á sì di ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ṣé orí kọ́ ni àwọn ìyá wa fi ń ru ẹrù láti ayébáyé ni? Ìbéèrè gidi ni. Ní 1986, ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn obìnrin Lúò àti Kíkúyù ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Àwọn Lúò ń ru ẹrù lé orí, àwọn Kíkúyù sì ń fi okùn tí ó gba iwájú orí gbé e sẹ́yìn. Ìwádìí náà fi hàn pé wọ́n lè ru ohun tí ó tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìjẹ́ pé agbára tí ara wọn ń lò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, orí ilẹ̀ títẹ́jú ni a sì ti wọ̀n wọ́n. Ẹni tí ó ní láti fi ọwọ́ méjèèjì di àpáta mú, tí ẹ̀ka igi ń gbá lójú, tí ó sì ní láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà yọ̀, kò lè gbé igbá lé orí. Ìdí tí báàgì ẹ̀yìn fi wà nìyẹn.

Nípa bí báàgì ṣe tóbi tó, lítà ni wọ́n fi ń wọn inú rẹ̀. Fún ìrìn òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, irú èyí tí ènìyàn ń rìn ní Ìdànrè tàbí ní Òkè Olúmọ, lítà 20 sí 30 ti pọ̀ tó: omi, oúnjẹ, aṣọ òjò, fìlà, oògùn díẹ̀, tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí yóò sun oorun ọ̀kan tàbí méjì nínú igbó yóò nílò lítà 30 sí 50. Láti oorun mẹ́ta sí márùn-ún, tí ènìyàn ń gbé àgọ́ àti ìkòkò ìdáná rẹ̀ dání, ó di 50 sí 70. Èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí iṣẹ́ wọn ni ni ó wà fún. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn ra ńlá nítorí “kò ní kún”. Báàgì kì í ṣófo nílé Yorùbá. Ààyè tí ó bá kù, ẹnìkan á rí nǹkan fi sí i.

Arìnrìn-àjò tí ń lọ láti ìlú dé ìlú nílò ohun mìíràn. Àgùnbánirọ̀ tí ń lọ sí àgọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí ọmọ Yorùbá ní London tí ó fẹ́ gba pápákọ̀ òfuurufú dé ilé ìbátan rẹ̀, kò ní gun àpáta. Báàgì tí síìpù rẹ̀ yí gbogbo ojú rẹ̀ ká, tí a lè ṣí bí àpótí, ni ó dára fún un jù, nítorí kò ní máa kó gbogbo ẹrù jáde kí ó tó rí ṣòkòtò kan. Fún òkè, èyí tí a ń ti orí kó ẹrù sí, tí a sì ń fi okùn fún lẹ́nu, ni ó dára, torí pé síìpù rẹ̀ kéré, ohun tí ó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ sì kéré. Báàgì ẹ̀yìn tí wọ́n tún fi táyà sí nísàlẹ̀ ń tà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹrù ni táyà àti irin rẹ̀ fúnra wọn. Ní ojú títì ọlọ́dà nìkan ni wọ́n wúlò.

Àwọn tí ń wọ ọkọ̀ òfuurufú ní láti mọ̀ pé ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé, IATA, fi ṣe atọ́nà fún ẹrù ọwọ́ ni sẹ̀ǹtímítà 56 níbùú, 45 ní fífẹ̀ àti 25 nínípọn, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, àwọn mìíràn sì le ju èyí lọ. Báàgì lítà 40 sábà máa ń wọ inú ìwọ̀n yìí. Bí báàgì bá sì máa lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí a yọ bátìrì tí a fi ń gba iná sí fóònù kúrò nínú rẹ̀, torí pé ọ̀dọ̀ ẹni ni ó gbọ́dọ̀ wà. Kí a sì ká àwọn okùn rẹ̀ jọ, kí ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù má baà fà wọ́n ya.

Ìwọ̀n ẹrù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́. Ohun tí àwọn tí ń gun òkè máa ń tẹ̀ lé ni pé ẹrù ìrìn ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, ti ọjọ́ púpọ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá ogún lọ. Ẹni tí ó wọn 70 kílò, kílò 7 ni tirẹ̀ fún ọjọ́ kan, kílò 14 fún ọjọ́ púpọ̀. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà ẹni tí ó gbé lítà mẹ́ta ti lo nǹkan bí ìdajì ohun tí ó tọ́ sí i kí ó tó fi búrẹ́dì kan sí i. Báàgì náà fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n: àwọn tí ó tóbi máa ń wọn kílò kan àtààbọ̀ sí méjì àtààbọ̀ ní òfìfo. Àní ní Òkè Kilimanjaro ní Tanzania, tí ó ga ní mítà 5,895, níbi tí gbígbé ẹrù ti jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́, òfin ni pé ẹrù tí aláàárù kan yóò gbé kò gbọdọ̀ ju 20 kílò lọ, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n ní ẹnu ọ̀nà. Àlejò tí ó ń gun òkè náà máa ń gbé kìkì báàgì kékeré tí omi àti aṣọ òtútù wà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé báàgì ọmọ ilé-ìwé kò gbọdọ̀ kọjá ìdá mẹ́wàá sí ogún ìwọ̀n ara ọmọ. Ọ̀pọ̀ òbí kò tíì gbé báàgì ọmọ wọn sórí òṣùwọ̀n rí.

Bí a bá dé ọ̀dọ̀ aṣọ tí a fi rán báàgì, náílọ́ọ̀nù lágbára ju pọ́lísítà lọ bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Nọ́ńbà tí a máa ń rí lára rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà D, bíi 210D, 420D tàbí 600D, ń sọ bí fọ́nrán òwú rẹ̀ ṣe wúwo tó: bí a bá na òwú náà dé 9,000 mítà, iye gíráàmù tí ó wọ̀n nìyẹn. Kì í ṣe pé nọ́ńbà ńlá ni ó dára jù ní gbogbo ìgbà. Pọ́lísítà 600D ni ó pọ̀ lára báàgì olówó pọ́ọ́kú. Ibi tí ó yẹ kí ojú ẹni wà jù ni ibi tí okùn èjìká ti so mọ́ báàgì, torí pé ibẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń já. Kí a wò ó bóyá wọ́n rán an lọ rán an bọ̀ ní ìlà púpọ̀, bóyá aṣọ rẹ̀ wọ inú ojú rírán jìnnà, tàbí bóyá etí lásán ni abẹ́rẹ́ gbá. Síìpù náà kò ṣeé fojú fo. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe báàgì gidi ń lo ti YKK, ilé-iṣẹ́ Japan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1934, ṣùgbọ́n ayédèrú rẹ̀ wà lọ́jà, nítorí náà kí a fà á lọ fà á bọ̀ nígbà mẹ́wàá ju kí a gbà pé orúkọ tó.

Omi òjò kì í gba inú aṣọ báàgì wọlé tó bí ó ṣe ń gba ojú abẹ́rẹ́ àti ẹnu síìpù. Aṣọ òjò tí a ń dà bo báàgì wúlò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ, omi sì ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ohun tí ó dá ènìyàn lójú jù kò wọ́n rárá: náílọ́ọ̀nù ńlá tí ó nípọn, irú èyí tí wọ́n ń kó pàǹtí sí, tí a tẹ́ sí inú báàgì kí a tó kó ẹrù sí i, kí a sì ká ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró lẹ́bàá omi Olúmirin nígbà òjò yóò mọ ìwúlò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa, òkìríkà ni wọn yóò rà, kò sì burú. Báàgì tí ó ti rin òkè ní ilẹ̀ òyìnbó fún ọdún márùn-ún lè sàn ju tuntun kan tí wọ́n rán láìbìkítà. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ó máa ń ṣe àwọn báàgì tí ó ti pẹ́. Ọ̀rá tí wọ́n fi kun inú aṣọ náà kí omi má baà wọlé máa ń jẹrà nínú ooru àti ọ̀rinrin. Kí a na ọwọ́ sínú báàgì náà dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí ó ń bó bí èèpo, tí ó sì ń rùn kíkan, kò sí àtúnṣe fún un. Kí a tẹ fóòmù bẹ́líìtì àti ti èjìká láàárín ìka méjì: èyí tí kò bá dìde padà ti kú. Kí a de àwọn ìkọ́ oníke kí a sì fà wọ́n dáadáa, torí ike tí oòrùn ti pa máa ń fọ́ lójijì. Síìpù tí ẹnu rẹ̀ ń là lẹ́yìn tí a ti fà á kọjá, orí rẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ tán, àwọn tí ń rán bàtà àti báàgì lè pààrọ̀ rẹ̀. Férémù tí ó ti tẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Yálà tuntun ni tàbí òkìríkà, kí ẹnikẹ́ni má ra báàgì òfìfo láìtíì fi ẹrù dán an wò. Àpò píọ́ wọ́tà kan tí ó ní ọ̀rá 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, wọn nǹkan bí kílò mẹ́wàá, kò sì sí ọjà tí a kò ti lè rí i. Kí a kó o sínú báàgì náà, kí a tú gbogbo okùn rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì gbé e kọ́. Bẹ́líìtì ìbàdí ni a kọ́kọ́ ń dè: àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sórí egungun ìbàdí, kí a fà á le. Lẹ́yìn èyí ni a ó fa okùn èjìká títí yóò fi fara mọ́ ara láìtẹ̀ ẹ́. Okùn kékeré méjì tí ó wà lókè èjìká, tí ó so orí báàgì mọ́ okùn ńlá, ni ó kàn. Wọ́n ń fa orí báàgì súnmọ́ ẹ̀yìn ni. Okùn àyà ló kẹ́yìn, òun kò sì gbọdọ̀ le débi tí kò ní jẹ́ kí ènìyàn mí. Bí a bá ti ṣe èyí tán, kí a ki ìka sí abẹ́ okùn èjìká. Bí ìka bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìbàdí ni ẹrù wà. Bí okùn bá tẹ ìka mọ́lẹ̀, èjìká ṣì ni ó ń jìyà. Kí a wá fi báàgì náà rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a gun àtẹ̀gùn bí ó bá wà nítòsí. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí a ṣe èyí, ẹlòmíràn ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò gbà.

Ti àwọn obìnrin yàtọ̀ díẹ̀, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ píǹkì. Báàgì tí a dìídì ṣe fún obìnrin máa ń ní ẹ̀yìn kúkúrú, okùn èjìká rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì yípo kí ó má baà tẹ ọmú, bẹ́líìtì rẹ̀ sì dagun kí ó lè bá ìbàdí tí ó fẹ̀ mu. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ bá irú báàgì bẹ́ẹ̀ mu kò gbọdọ̀ tijú láti rà á.

Bí a ṣe ń to ẹrù sínú rẹ̀ lè ba báàgì tí ó dára jù lọ jẹ́. Ìyá tí ó pọn ọmọ tí ó ń na ara sẹ́yìn mọ̀ pé ọmọ náà wúwo ju ìgbà tí ó bá lẹ̀ mọ́ òun lọ. Ohun tí ó wúwo, bí omi, oúnjẹ inú agolo àti ìkòkò, àárín báàgì ni ó yẹ kí ó wà, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn. Aṣọ ìsùn àti ohun rírọ̀ ni a ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀, aṣọ fífúyẹ́ ni a ń kó sí iwájú níbi tí ó jìnnà sí ara. Aṣọ òjò, oògùn àti tọ́ọ̀ṣì ni ó ń wà lókè pátápátá. Owó àti fóònù kò gbọdọ̀ sí ní àpò tí ó kọjú sí ẹ̀yìn, pàápàá ní ibùdókọ̀ èrò púpọ̀, níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti lè dé ibẹ̀ kí ẹni tí ó ni ín tó mọ̀.

Tí a bá ti ìrìn àjò dé, kí a má fi báàgì fọ̀ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, ọṣẹ tí kò le àti kànìnkànìn ti tó. Kí a fi omi ṣan iyọ̀ òógùn kúrò lára bẹ́líìtì àti okùn èjìká, kí a sì sá a síbi afẹ́fẹ́ lábẹ́ ibòji títí gbogbo síìpù tí a ṣí sílẹ̀ yóò fi gbẹ. Kí a tú gbogbo okùn rẹ̀, kí a sì fi í kọ́ sí ibi tí kò gbóná, kì í ṣe nínú bùútù mọ́tò, kì í sì í ṣe lókè àjà abẹ́ páánù.